LÁRA ÌTÌ KAN NÁÀ NI JÌTÁ ÀTI IGI ÌDÁNÁ TI Ń JÁDE

Díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ ìyá onípákó kan. Ọ̀rọ̀ jìtá ló dá a sílẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin káfíńtà kan, tí ó ti fi àga àti bẹ́ẹ̀dì ṣíṣe sílẹ̀, tí ó wá ń ṣe jìtá fún àwọn eléré jùjú àti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló gbé jìtá kan dé láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọrùn jìtá náà ti wọ́ bí ọrùn àkùkọ tí wọ́n há mọ́ inú àgò. Bí wọ́n bá ta á lókè, á máa kùn bí eṣinṣin. Bí wọ́n bá ta á nísàlẹ̀, á máa han bí ẹni tí eyín ń dùn. Oníbàárà ti dá a padà, owó rẹ̀ ló sì ń béèrè.

“Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Pákó tí ẹ tà fún mi ló ba ọjà mi jẹ́.”

“Ọmọ mi, pákó tí wọ́n là fún mi ní sọ́míìlì ni mo tà fún ọ. Ṣé èmi ni mo wọnú igi ni?”

Ló bá di ọ̀dọ̀ bàbá onísọ́míìlì. Bàbá náà wo jìtá síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni pé jìtá lo fẹ́ fi ṣe? Túù báì fọ́ọ̀ ni ìyá rẹ ní kí n là, túù báì fọ́ọ̀ náà ni mo là. Ká ní òrùlé lo fi kàn, ṣé wàá gbọ́ ohùn rẹ̀?”

Ta ló jẹ̀bi nínú àwọn mẹ́ta yìí? Ẹ má tíì dájọ́. Ẹjọ́ náà kò ṣeé dá láìjẹ́ pé èèyàn kọ́kọ́ mọ ohun tó wà láàárín ayùn àti igi, nítorí pé kì í ṣe oníjìtá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó kan ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn, ó kan ẹni tó ń ta pákó, ó kan ẹni tó ń gbẹ́ ìlù.

ẸRÙ TÍ JÌTÁ Ń RÙ

Àwọn tí wọ́n ń jó níbi ìnáwó kì í mọ̀ pé ẹrù ń bẹ lórí jìtá. Okùn irin mẹ́fà tó wà lára jìtá onígi, bí wọ́n bá ti fà á dé ibi tó yẹ kó dún, agbára tí gbogbo wọn fi ń fa igi náà lé ní kílò 70. Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50 ni. Ẹ wá fojú inú wo igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹrù tó ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ ń fà tọ̀sán-tòru, yálà wọ́n ń ta jìtá náà ni o, tàbí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri.

Igi tó ń ru ẹrù yìí kò sì gbọdọ̀ nípọn. Ojú jìtá, níbi tí ihò wà, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe kọrọdọ bí ìbàdí obìnrin, bíi mìlímítà 2 péré ni, nítorí iná àti omi ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá nípọn jù, kò ní dún. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, á fọ́. Nítorí náà, gbogbo agbára jìtá wà nínú bí iṣan igi náà ṣe tò. Ayùn tó kọ́kọ́ wọ inú ìtì ló sì ń pinnu bí iṣan náà yóò ṣe tò.

OBÌ ÀBÀTÀ NI KÍ Ẹ FI WÒ Ó

Bí ẹ bá wo ojú ibi tí wọ́n ti gé ìtì gẹdú, ẹ ó rí ìlà tó yí ara wọn po láti ọkàn igi dé èèpo, bí ìgbà tí èèyàn bá gé àlùbọ́sà sí méjì. Bí igi bá ń gbẹ, ó ń sún kì. Ṣùgbọ́n kì í sún kì bákan náà níbi gbogbo. Bí ó ṣe ń sún kì ní àyíká àwọn ìlà yẹn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń sún kì láti ọkàn lọ sí èèpo. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ayùn lè gbà wọ inú ìtì. Ọ̀nà kìn-ín-ní dà bí ìgbà tí èèyàn ń gé búrẹ́dì: wọ́n á ti ìtì sẹ́nu ayùn, wọ́n á máa là á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yá, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, igi kì í ṣòfò púpọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń la ọ̀pọ̀ pákó tó wà lọ́jà, kò sì sóhun tó ṣe é fún òrùlé tàbí fún pákó tí wọ́n fi ń da kọnkéré. Àmọ́ pákó tó bá ti ẹ̀gbẹ́ ìtì jáde lọ́nà yìí, bí ó bá ti ń gbẹ, á máa tẹ̀ bí awo. Ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ gọngọ, inú rẹ̀ á jin.

Ọ̀nà kejì ni ti obì àbàtà. Wọ́n á kọ́kọ́ la ìtì sí awẹ́ mẹ́rin. Wọ́n á wá máa la awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí àwọn ìlà igi yóò fi dúró ṣánṣán sí ojú pákó, bí eyín ìyarun. Pákó tí wọ́n là báyìí, bí ó tilẹ̀ ń gbẹ, ńṣe ni yóò kàn dín kù díẹ̀. Kò ní tẹ̀, ó sì ṣòro kí ó wọ́. Òun ni àwọn tó ń ṣe jìtá ń wá fún ojú, fún ẹ̀yìn àti fún ọrùn.

Kí ló dé tí gbogbo sọ́míìlì kò fi ń la igi bẹ́ẹ̀? Owó ni. Ó gba kí wọ́n máa yí ìtì lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Pákó tó ń jáde kò fẹ̀, èyí tí wọ́n á sì jù nù pọ̀. Ìdajì ẹ̀yìn jìtá ńlá kan fẹ́ pákó tó fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 8. Ọkàn igi kò wúlò, nítorí á sán. Ara funfun tó wà lẹ́bàá èèpo kò wúlò, nítorí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá yọ méjèèjì kúrò, ìtì tí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú, agbára káká ni yóò fi mú pákó ẹ̀yìn jìtá jáde. Igi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ àgbà igbó.

Nǹkan kan tún wà. Ẹni tó bá ti fi àáké la igi ìdáná rí mọ̀ pé igi a máa là tẹ̀ lé iṣan ara rẹ̀. Ayùn ní tirẹ̀ kì í wojú iṣan. Ibi tí wọ́n bá darí rẹ̀ sí ló ń gbà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pèsè igi spruce, igi ilẹ̀ olóòtútù tí wọ́n fi ń ṣe ojú jìtá àti ojú fayolín, fi ń kọ́kọ́ fi àáké àti òòlù là á kí ayùn tó kàn án. Wọ́n fẹ́ rí ọ̀nà tí iṣan gbà kí wọ́n tó darí ayùn tẹ̀ lé e. Bí iṣan bá ti fi igun yọ kúrò lójú pákó, igi náà kò lágbára mọ́, ibẹ̀ ni yóò ti ya.

OÚNJẸ AYÙN

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò, ẹ bá ni wo èyí. Ìyẹ̀fun igi tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ayùn, igi ni tẹ́lẹ̀. Owó ni.

Ká ní igi kan nípọn tó mìlímítà 100, ìyẹn bí ínṣì 4. Wọ́n fẹ́ là á sí pẹlẹbẹ fún ẹ̀yìn jìtá, kí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 5, kí wọ́n tó wá fá a kó fẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí bíi bẹ́líìtì, tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ mìlímítà 1, pẹlẹbẹ 16 ni yóò jáde. Bí ó bá jẹ́ ayùn róbótó tí ń jẹ mìlímítà 3, pẹlẹbẹ 12 ni. Bí ó bá jẹ́ ayùn oníṣéènì tí wọ́n fi ń gé igi nínú igbó, tó ń jẹ bíi mìlímítà 9, pẹlẹbẹ 7 péré ni. Pẹlẹbẹ méjì ló ń ṣe ẹ̀yìn jìtá kan. Igi kan náà, ọ̀kan mú ẹ̀yìn jìtá 8 jáde, èkejì mú 6, ẹ̀kẹta mú 3, ọ̀kan ṣẹ́ kù tí kò ní ẹnìkejì.

Ìdí tí pẹlẹbẹ fi gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì nìyí: àwọn méjì tí wọ́n là tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n ń ṣí bí ẹni ṣí ìwé, tí wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀ láàárín. Ìlà apá ọ̀tún á bá ti apá òsì mu bí ìbejì. Ẹni tó ń la igi jìtá gbọ́dọ̀ fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí wọn lára bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí wọ́n bá ti dàrú, ẹwà ti lọ, owó náà sì ti dín kù.

BÍ ÈLÙBỌ́ NI

Ìyá tó ń ṣe èlùbọ́ mọ̀ pé iṣu tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, tí inú rẹ̀ ṣì tutù, bíbu ni yóò bu. Igi náà kò yàtọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí igi gbẹ lójú, ọ̀tọ̀ ni kí ó gbẹ nínú.

Láti ẹnu ìtì méjèèjì ni omi ti ń yára jáde jù lọ, ìdí nìyí tí ẹnu ìtì fi ń sán. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, bí wọ́n bá ti gé igi lulẹ̀ ni yóò ti fi ọ̀dà tàbí ìda kun ẹnu méjèèjì. Ọ̀dà díẹ̀ péré lè gba ẹsẹ̀ bàtà kan là lẹ́nu ìtì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wá là á tán, wọn kì í tò ó léra gbọin-gbọin. Wọ́n á máa fi igi wẹ́wẹ́ tí ìpọn wọn dọ́gba sáàárín, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fi ibòji bò ó. Oòrùn ganrínganrín kì í gbẹ igi, ńṣe ló ń dá a lára ya.

Òfin àwọn àgbà oníṣẹ́ igi ni pé ínṣì kan, ọdún kan. Pákó ínṣì 2 fẹ́ nǹkan bí ọdún méjì nínú atẹ́gùn. Síbẹ̀, igi jìtá tún fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí igi gbígbẹ bá jẹ́ kílò 100, omi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò yẹ kó ju kílò 6 sí 8 lọ. Afẹ́fẹ́ Èkó àti etí òkun tutù ju kí igi lè gbẹ dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Àfi kí wọ́n gbé e sínú yàrá tí wọ́n ń mú gbóná díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi igi tútù ṣe jìtá ní Èkó lásìkò òjò, tí oníbàárà sì gbé e lọ sí Ìlọrin tàbí Ṣakí nígbà ọyẹ́, kó má bi í pé àjẹ́ wo ló la ojú jìtá òun.

IGI DÚDÚ ILẸ̀ KAMẸRÚÙNÙ

Pákó dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìka ń tẹ̀ lọ́rùn jìtá, igi tí Òyìnbó ń pè ní ebony ni wọ́n ń fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Igbó Kamẹrúùnù jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ibi tó ti ń wá. Ní ìparí ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ jìtá Taylor ti Amẹ́ríkà àti ilé-iṣẹ́ Madinter ti Sípéènì jọ ra sọ́míìlì kan tó ń jẹ́ Crelicam ní Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù.

Ìgbà tí Bob Taylor, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Taylor sílẹ̀, dé ibẹ̀ ló gbọ́ ohun tó mú un lọ́kàn. Àwọn agégẹdú sọ fún un pé bí àwọn bá gé igi mẹ́wàá lulẹ̀, ọ̀kan ló lè dúdú kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́. Àwọn yòókù ní ìlà pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ eérú nínú. Kò sì sẹ́ni tó lè fojú mọ èyí tó dúdú nígbà tí igi ṣì dúró. Àfi kí wọ́n gé e. Nítorí pé ọjà ń fẹ́ dúdú nìkan, àwọn agégẹdú a máa fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ sínú igbó kó jẹrà.

Ẹ gbọ́ o. Igi mẹ́sàn-án tí kò ní àrùn kankan lára! Ìlà tó wà nínú wọn kò dín agbára wọn kù, kò sì ba ohùn jìtá jẹ́. Ojú àwọn tó ń rà á ni kò gbà á. Bob Taylor wá kéde pé láti ìgbà náà lọ, ilé-iṣẹ́ òun yóò máa lo igi tó ní ìlà pẹ̀lú èyí tó dúdú. Bí igi kan ṣe yí padà láti pàǹtírí di ọjà nìyẹn, kò sì sí ohun tó yí padà lára igi náà fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2016, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́ láti gbin igi náà, pẹ̀lú Congo Basin Institute. Yunifásítì UCLA ti Amẹ́ríkà àti IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí, ló jọ dá a sílẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2025 fi hàn pé erin ló ń jẹ èso igi náà, tó sì ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ gbin ín káàkiri. Níbi tí wọ́n ti pa erin tán, ọmọ igi náà kò pọ̀ mọ́.

AFÁRÁ LÁÀTÀ, WÚRÀ LÓKÈ ÒKUN

Ta ni kò mọ igi afárá láàárín àwọn káfíńtà ilẹ̀ Yorùbá? Igi tó funfun bí ẹni pé ó pupa díẹ̀, tí kò wúwo, tí ìṣó ń wọ̀ kíákíá. Limba ni àwọn ará Kóńgò ń pè é. Ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Gibson ti Amẹ́ríkà fi igi yìí kan náà ṣe jìtá onína kan tó rí bí lẹ́tà V, wọ́n pè é ní Flying V, wọ́n sì pe igi náà ní Korina. Ọjà kò gbà á nígbà náà. Èyí tí wọ́n tà ní 1958 àti 1959 kò pé 100. Lónìí, ẹni tó bá ní ojúlówó ọ̀kan nínú wọn lè tà á ní ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Afárá o!

Igi mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sapẹ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí ilé-iṣẹ́ igi ńlá ti UAC wà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní, sapele ni wọ́n ń pè é ní gbogbo àgbáyé, ilé-iṣẹ́ Taylor àti Martin sì ń fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ jìtá. Ọ̀gànwó wa náà ń bẹ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú àwọn èèyàn wa ló wà lára jìtá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò sí níbẹ̀. Àwọn alákòóso Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà sì ti ka ìtì igi àti pákó lásán mọ́ ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ láti kó jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí èrè tó jọjú lára igi, ilé ló ti gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n sí i lára.

Ọgbọ́n náà kì í sì í ṣe àjèjì. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù dùndún kì í kàn gé igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n bá ṣáà rí. Èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń wá, torí wọ́n ní igi tó ti ń gbọ́ ohùn èèyàn ló mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ohùn ìlù ti bẹ̀rẹ̀ kí àáké tó kan igi.

ẸJỌ́ TÍ WỌ́N DÁ

Ó yá, ta ló jẹ̀bi? Ọ̀dọ́kùnrin náà jẹ̀bi, nítorí pé pákó òrùlé ló rà tó fẹ́ fi kọrin. Ìyá onípákó jẹ̀bi díẹ̀, nítorí pé kò bi oníbàárà léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó sì sọ fún un pé igi tí ó dé lóṣù tó kọjá ti gbẹ. Bàbá onísọ́míìlì náà kò bọ́, torí pé ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìtì ni pákó yẹn ti jáde, ó rí i, ó dákẹ́.

Wọn kò dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá mú ẹfun, ó fa ìlà àgbélébùú sí ẹnu ìtì ọ̀gànwó kan tó wà nílẹ̀, ó ní: “Ọmọ, awẹ́ mẹ́rin nìyí. Bí mo bá là á báyìí, owó iṣẹ́ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ṣé wàá san án?” Ọmọ náà ní òun á san án. Ìyá ní òun á fi owó ìtì sílẹ̀ títí tí igi á fi gbẹ, bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò máa ta ìyókù fún àwọn tó ń ṣe ilẹ̀kùn. Wọ́n kun ẹnu igi náà lọ́dà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n kọ déètì sí i lára, wọ́n sì gbé e sábẹ́ páànù. Ó di ọdún méjì kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án.

Ní ti oníbàárà tó ń béèrè owó, ọ̀dọ́kùnrin náà ń san án padà díẹ̀díẹ̀.

Káfíńtà, onípákó tàbí agbẹ́lù tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí ó kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà, kí ó sọ bí wọ́n ṣe parí rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń kà á.